Nígbà tí Ẹsẹ̀ Ló Ni Títì Èkó

Ẹni tí kò mọ Èkó bí kò ṣe ní ọjọ́ ọjà kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ ọjà, láti Ìdúmọ̀tà dé Balógun, èrò á máa ti èrò, alábàárù á máa pariwo kí wọ́n yà fún ẹrù, ọkọ̀ á máa fọn fèrè mọ́ aláboyún lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá wà ní ilé wọn ní Súrùlérè, ní Ìsọlọ̀, ní Ìkòròdú, títì á ṣófo. Àwọn ọmọ àdúgbò á gbé òkúta méjì-méjì kalẹ̀ ṣe ojú góòlù, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ọ̀dà Broad Street níwájú àwọn báǹkì. Àwọn ìyá àgbà á gbé àga síta. Ẹni tó ń rìn kò ní máa bojú wẹ̀yìn. Mo ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, ìgbàkígbà tí mo bá sì bá a bẹ́ẹ̀, inú mi a máa dùn, nítorí bí títì Èkó ṣe rí fún wa nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, a kò ní láti dúró de ọjọ́ Ìsinmi.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi, ní agbo ilé kan lẹ́yìn Ìdúmàgbò, tí kò jìnnà sí Ẹnu Ọwá níbi tí wọ́n ti ń fi ọba Èkó jẹ. Ẹ̀yìn ọdún 1965 ni mò ń sọ, nígbà tí Ọba Adéyínká Oyèkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́. Agbo ilé wa ní àgbàlá láàárín, kànga kan, àti yàrá tó yí i ká. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sí ojú ọ̀nà tóóró kan tí mọ́tò kò lè gbà. Kẹ̀kẹ́ lè gbà á. Ọmọlanke lè gbà á bí ẹni tó ń tì í bá fara balẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ata, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni àwọn bàbá ti ń ta ayò títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Àṣálẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń bá ẹni tó bá hùwà burúkú wí lójú gbogbo ayé.

Bí ìyá àgbà bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, kì í fi orúkọ títì júwe ọ̀nà. Á ní: “Bó o bá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ tó jókòó sẹ́nu ilé Bàbá Alága, yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Wàá rí ìyá alákàrà. Dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa. Bí o kò bá kí i, màá gbọ́ kí o tó délé.” Ó sì máa ń gbọ́ lóòótọ́. Láti Ìdúmàgbò dé Pópó Àgùdà, kò sí ibi tí mo lè dé tí ẹnì kan kò ní mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n lè pè mí mu omi, wọ́n lè gbá mi létí, wọ́n sì lè fún mi ní kọ́bọ̀ kan kí n fi ra gúgúrú. Mo ti gbé ní ìlú mìíràn látìgbà náà, mo ti gbé ní ilé tó ní géètì àti ọlọ́dẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀ níbì kankan tó bí ó ṣe balẹ̀ ní ojú ọ̀nà tóóró yẹn.

Àwọn aláṣẹ kò fi ojú tí a fi ń wo ibẹ̀ wò ó. Láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924 ni wọ́n ti ń pe àwọn agbo ilé wa ní ibùgbé ìdọ̀tí. Àrùn náà ló fà á tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Nígbà tó di àárín ọdún 1950 sí 1960, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó. Ilẹ̀ tó tó éékà 70 ni wọ́n pinnu láti fọ̀ mọ́, kí òmìnira tó dé, kí àlejò má baà rí ohun tí wọ́n kà sí ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè.

Àbúrò ìyá àgbà mi obìnrin wà lára wọn. Ọdọọdún la máa ń lọ kí i nígbà ọdún Iléyá, ohun kan náà ló sì máa ń sọ. Ó ní ilé Súrùlérè dára, ó ní yàrá tó fẹ̀, ó ní omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè ló ń tà, ní iwájú ilé, ní Èkó, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìgá, ààfin ọba, àti àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà. Ní Súrùlérè, kò sí ẹni tó ń kọjá. Láàárín ọdún díẹ̀ òwò náà kú. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá bá irú wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó rìn láti ilé dé ilé ní Èkó àti ní Súrùlérè, ìwé tó kọ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò yàtọ̀ sí ohun tí àbúrò ìyá àgbà mi ń sọ: wọ́n gba ilé, wọ́n pàdánù òwò àti ẹbí tó wà nítòsí. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá dé Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí tó ní òun fẹ́ tún àdúgbò ṣe, ìrántí éékà 70 yẹn ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn àgbà.

Ìta Tinúbú ni ibi tó jìnnà jù tí wọ́n gbà wá láyè láti dá lọ. Orúkọ Madam Ẹfúnróyè Tinúbú ló ń jẹ́, obìnrin oníṣòwò tí agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, tó sì lọ di ìyálóde ní Abẹ́òkúta. Kóòtù àgbà ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n wó kóòtù náà, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe gbàgede, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò ní Èkó sì fi ẹ̀rọ omi atúsókè ta ìlú lọ́rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, omi náà á máa tú, iná á máa tàn sí i lára. Àwọn afọ́tò á dúró pẹ̀lú kámẹ́rà wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tọkọtaya tuntun, gbogbo wọn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. A máa ń jókòó sí etí rẹ̀ kí omi lè ta sí wa lára. Kò sẹ́ni tó gba owó lọ́wọ́ wa, kò sẹ́ni tó lé wa.

Ní igun títì Bámgbóṣé, ní etí gbàgede náà, ni Ilojo Bar dúró sí. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, bí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíl padà dé, ṣe mọ ilé í kọ́: ojú fèrèsé tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, ọnà sìmẹ́ǹtì lára ògiri, ilẹ̀kùn gíga tó ṣí sí títì. Ìdílé mìíràn rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Àwọn àgbà wa kò fi ọnà ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ojú wọn ti mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọ̀la rẹ̀ ni ọdún Iléyá. Títì ṣófo, kò sí ọlọ́jà tó máa pariwo, kí wọ́n sì tó mọ̀ ní ìlú, ilé tó ti lé ní 160 ọdún ti di àlàpà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé títì tó ṣófo kò tó. Ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Láti Ìta Tinúbú, bí àgbà bá mú wa dání, a lè gba Kákáwà kọjá níwájú Water House, ilé tí João Esan da Rocha kọ́ ní 1885, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà tó sì padà wá di olówó, kí a sì já sí Marina. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Marina bí òpópónà lábẹ́ afárá, ẹ gbà mí gbọ́: etí omi gan-an ni nígbà náà. Ọ̀wọ́ igi wà ní etí ọ̀sà, òjìji wọn bo ọ̀nà. Ènìyàn á jókòó, á máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Àpápá, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á máa fẹ́ sí i lójú. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, wọ́n á mú wa lọ sí ilé ìtajà Kingsway lọ wo Bàbá Kérésì. Ilé wa jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ó ní inú ọmọdé tó bá dùn kò ba ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n da iyanrìn sí ọ̀sà níwájú Marina, wọ́n sì la títì ńlá sórí rẹ̀. Etí omi jìnnà sí wa. Mo ti gbọ́ àlàyé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi lè gbé ọkọ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì gbà pé ohun tó burú jù tí wọ́n ṣe sí Èkó nígbà ayé mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ẹ̀yọ̀, nítorí pé òun gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán ìlú gbọ́.

Wọ́n ní ọdún 1854 ni Ẹ̀yọ̀ àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà jáde, láti ṣẹ̀yẹ fún Ọba Akítóyè. Kì í ṣe ọdọọdún. Ìgbà tí ẹni ńlá bá papò dà, tàbí tí ọ̀ràn ìlú bá bẹ̀ ẹ́, ni ó ń jáde. Adímú ló máa ń ṣíwájú pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú, Lábà tẹ̀ lé e pẹ̀lú pupa, lẹ́yìn náà Oníkò, Ológèdè àti Agẹ̀rẹ̀, kí Ẹ̀yọ̀ ìgá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilé ìjòyè, tó tẹ̀ lé wọn. Funfun ni gbogbo wọn, láti orí dé ilẹ̀: àgbádá, ìbòjú, aropalẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́.

Òru ni ìyá àgbà ti máa ń jí wa. Á tú irun orí rẹ̀, nítorí pé Ẹ̀yọ̀ kì í fẹ́ rí ṣùkú. Á kó gbogbo bàtà wa sínú àpótí, á tì í pa, nítorí pé ẹni tó bá wọ sálúbàtà pàdé Ẹ̀yọ̀ á jẹ ọ̀pámbàtà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù. Kò sí ọkọ̀ tó lè gba Ìdúmọ̀tà kọjá ní ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ọkọ̀ mínísítà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà yóò ṣe di ìlú ẹlẹ́sẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Onílé, ayálégbé, adájọ́, alábàárù, gbogbo wa la ó bọ́ bàtà. Mo ṣì rántí bí ọ̀dà títì ṣe rí ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi: ó tutù ní ìdájí, ó gbóná janjan nígbà tó di ọ̀sán, àwa ọmọdé á sì máa fò láti òjìji ilé kan bọ́ sí òjìji ilé kejì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dàgbà ni bí wọ́n ṣe ń ti títì náà. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ló ti títì. Ìgá kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà tó jẹ́ tirẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí yóò ti pèsè omi, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti kéde, kálukú sì ti ṣètò òwò rẹ̀. Ìlú ló ti títì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé 50 ọdún, Ẹ̀yọ̀ jáde, ohun kan náà ni mo tún rí: ìlú tí wọ́n ní kò ṣeé ṣàkóso, ó ṣàkóso ara rẹ̀.

Àwọn Àgùdà náà ní tiwọn. Lọ́jọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, Pópó Àgùdà àti Làfíàjí á jáde pẹ̀lú Kàréta, aṣọ aláràbarà, fèrè àti ìlù, wọ́n á gba títì kan dé èkejì títí wọn yóò fi dé gbàgede Campos. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, fúrejọ̀n ni gbogbo agbo ilé wọn ń sè, wọ́n á sì bù ú fún wa. Ní Ramadan, àwọn ọ̀dọ́ oníwéré tiwa á máa yí àdúgbò ká lóru láti jí àwọn aláàwẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹní àti bùútà á bo títì Nnamdi Azikiwe, tí àwa ń pè ní Victoria Street nígbà náà, níwájú Mọ́ṣáláṣí Àgbà. Tí mo bá ka gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀, mo rí i pé ìlú yìí kò fìgbà kan ṣe aláìmọ bí a ṣe ń gba títì lọ́wọ́ ọkọ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí a sì dá a padà láìsí ìjà.

Báwo wá ni ọkọ̀ ṣe borí? Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, wọ́n ní kí gbogbo awakọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá àgbà kò gbà wá láyè láti jáde fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí awakọ̀ bá ti gbàgbé ọwọ́ tó yẹ kó gbà, ara ọmọ òun kọ́ ni yóò ti rántí. Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Nígbà tí wọ́n san àfikún owó oṣù tí a ń pè ní owó Údójì ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ra alùpùpù, àwọn tó ní alùpùpù ra Vọ́síwágìnì. Afárá Èkó parí ní 1975 kan náà, ó ń da ọkọ̀ sí wa láàárín láti òwúrọ̀. Títì wa kò fẹ̀ sí i. Ní 1977, kí àlejò àjọ̀dún àṣà FESTAC tó dé, ìjọba ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ gba ọjọ́ tirẹ̀, kí èyí tó jẹ́ méjì-méjì gba ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn olówó ra ọkọ̀ kejì.

Mo rí i bí àwọn àga ṣe ń kúrò níwájú ilé. Ní ìgbà kan, ìyá alákàrà ń jókòó sí etí títì. Ó sún sẹ́yìn gọ́tà. Ó tún sún wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan gbá àdògán rẹ̀ dànù, ó kó wọlé, kò sì jáde mọ́. Aránṣọ náà lọ. Àwọn bàbá aláyò kó ọpọ́n wọn wọ inú àgbàlá. Títì tó jẹ́ pé ojú mẹ́wàá ló ń wò ó tẹ́lẹ̀ kò ní ojú kankan mọ́, ìyá àgbà kò sì rán ọmọ níṣẹ́ kọjá Ìdúmọ̀tà mọ́. Àwọn àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn 1975 kò mọ ọ̀nà Pópó Àgùdà. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni ọjà dé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní 1991, tí ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá sì ń kó lọ sí Victoria Island, ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà nà títí ó fi gba gbogbo àlàfo. Agbo ilé di ilé alájà mẹ́rin tó kún fún bàtà àti aṣọ láti Ṣáínà, yàrá ìyá àgbà di sítọ́ọ̀. N kò dá àwọn ọlọ́jà lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́ ọmọ, wọ́n ń sanwó ilé ìwé, wọ́n sì ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ kí wọ́n tó lè kọjá afárá. Títì tí ọjà dí pa kì í sì í ṣe títì ẹlẹ́sẹ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ tó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2019, nígbà tí iná jó ní Balógun ní títì Martins, àwọn panápaná jà fitafita kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbé ọkọ̀ omi wọlé. Ẹni tó ń sọ pé kí a fi títì fún ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ panápaná àti ti aláìsàn.

Láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn olùfẹ́ ìtàn Èkó: kí a yan títì kan láàárín ìlú àtijọ́, kí a sọ ọ́ di gbàgede ẹlẹ́sẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ti gbé ìlànà kan jáde ní 2018, pẹ̀lú LAMATA, ilé iṣẹ́ ìrìnnà rẹ̀, lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń já èrò sí Marina láti Mile 2, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wọ Broad Street láìmú ọkọ̀ kankan wá. Inú mi dùn sí i. Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí pẹ̀lú: ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, tí wọ́n ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́, di Freedom Park ní 2010, ayàwòrán-ilé ọmọ Èkó kan, Theo Lawson, ló sì yàwòrán rẹ̀. Ibi tí ìyá àgbà kì í fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ gbọ́ orin sí lónìí.

Ní Bràsíl, níbi tí àwọn Àgùdà ti wá, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ó sì yẹ kí a wo méjèèjì. Ní Curitiba, ní 1972, olórí ìlú Jaime Lerner, tó jẹ́ ayàwòrán-ilé, fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ti títì Rua XV de Novembro mọ́ ọkọ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù bínú. Láìpẹ́, ọjà wọn tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan náà ló sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á gùn sí i. Nígbà tí àwọn awakọ̀ halẹ̀ pé àwọn yóò fi ọkọ̀ gba ibẹ̀ padà, wọ́n bá àwọn ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń kun ọ̀dà sórí bébà gígùn láàárín títì, wọ́n sì yí padà. Èkejì ni Pelourinho ní Salvador, Bàhíà. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, ní ọdún 1990 síwájú ìjọba Bàhíà tún àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n kùn wọ́n ní pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n sì lé ọkọ̀ jáde. Ó lẹ́wà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé inú àwọn ilé náà, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìran Yorùbá bíi tiwa, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ. Arìnrìn-àjò ló kún ibẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá àgbà mi ní Súrùlérè ni mo gbọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, ohun tí màá sọ nìyí. Ẹ mú títì Bámgbóṣé, láti Ìta Tinúbú dé Campos. Kò gùn, àwọn ilé Àgùdà díẹ̀ ṣì kù ní àyíká rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì pé. Ẹ fi ọjọ́ Ìsinmi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọjà ti tì tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pàdánù oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ tún gọ́tà ṣe kí ẹ tó to òkúta sórí rẹ̀, nítorí pé omi òjò ló ń kọ́kọ́ lé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kúrò nílé. Ẹ kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, tí àwọn àgbà lè lò. Ẹ fún àwọn ìyá alákàrà àti onígúgúrú ní àyè wọn ní orúkọ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa lé wọn kiri. Ẹ pe àwọn ìgá, àwọn àgbà Pópó Àgùdà, àwọn ìmáàmù àti àwọn ìyálọ́jà jókòó kí ayàwòrán kankan tó gbé pẹ́ńsù, nítorí pé àwọn ló ti ń ti títì Èkó láti 1854.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fi òfin dáàbò bo àwọn tó ń gbé ibẹ̀: kí owó ilé má fò sókè lójijì ní ọjọ́ tí òkúta bá délẹ̀, kí ìdílé tó ní ilé àtijọ́ rí ìrànwọ́ láti tún un ṣe dípò kí wọ́n máa ronú bí wọn yóò ṣe wó o ní ọjọ́ ọdún. Ẹ̀yin ìdílé náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì tà. Ẹ̀yin aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ti ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, ẹ dán an wò ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin péré, kí ẹ sì wá bi àwọn tó ń gbé títì náà léèrè bóyá kí ẹ máa bá a lọ.